Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Kọjú sí Ògiri

Lẹ́tà ìgbéga náà dé ní ọjọ́ Ẹtì, wọ́n sì fún mi ní ọjọ́ mẹ́fà láti fèsì. Wọ́n ní kí n wà ní Kútọnù ní Ọjọ́bọ̀, agogo mẹ́ta ọ̀sán, níwájú ọ̀gá àgbà, kí n fi ẹnu ara mi sọ bóyá mo gbà láti di olórí ẹ̀ka tí ó ń yẹ ìwé ẹ̀kọ́ wò fún gbogbo ilẹ̀ Benin. Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́sàn-án lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹrin. Mo rí àṣìṣe méjì nínú rẹ̀, mo sì ti fi pẹ́ńsùlù fa ìlà sábẹ́ wọn kí n tó rántí pé èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí, wọn kò ní kí n tún un ṣe.

Títún ìwé ṣe ni iṣẹ́ mi láti ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ní bíró kan ní Àjàṣẹ́, ìlú tí ìwé ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Bí ẹnikẹ́ni bá kọ ìwé ìtàn tí ó fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé-ìwé kà, ọwọ́ mi ni ó kọ́kọ́ máa ń gbà kọjá, èmi a sì wá ibi tí òǹkọ̀wé ti kù díẹ̀ káàtó. Bíró náà kò jìnnà sí ilé wa ní Djègan-Kpèvi. Kí oòrùn tó rọlẹ̀, mo ti bọ́ bàtà. Ipò tuntun yìí yóò gbà pé kí n máa gba ọ̀nà Kútọnù láàárọ̀ kùtùkùtù, kí n máa padà nígbà tí àwọn ará ilé bá ti jẹun tán. Ṣùgbọ́n ó ní ọkọ̀, ọkọ̀ náà ní awakọ̀, wọn yóò sì kọ orúkọ mi sí ẹnu ilẹ̀kùn. Mo wá inú mi bóyá mo yọ̀, n kò rí ayọ̀. Mo wá a bóyá mo bínú, n kò rí ìbínú. Ẹni tí ó ti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ wá àṣìṣe nínú ìwé ẹlòmíràn kò mọ èyí tí yóò fa ìlà sí lábẹ́ nínú tirẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tí a jọ ń gbé, kò ní irú ìṣòro bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni kí ó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í pẹ́ kí ó tó máàkì. Ní ọjọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ funfun rẹ̀, ó lọ sí ìjọ, ó sì dúpẹ́ níwájú gbogbo ènìyàn nítorí ipò tí wọ́n fi mí sí.

“Dàda,” mo ní, nítorí bẹ́ẹ̀ ni a ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin lọ́dọ̀ wa, “n kò tíì dá wọn lóhùn.”

“Ọpẹ́ kì í bàjẹ́,” ni ó wí. “Bí o bá kọ̀ ọ́, Ọlọ́run á lò ó fún ẹlòmíràn.”

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ọmọ rẹ̀ obìnrin ti Kútọnù dé. Ọ̀dọ́ ni, ọ̀rọ̀ yá lẹ́nu rẹ̀, ó sì wà lára àwọn tí ó ń la àwọn òṣìṣẹ́ lọ́yẹ̀ nípa irú iṣẹ́ tí ó bá ọkàn wọn mu. Ó mú ìwé kan jáde nínú àpò rẹ̀, ojú ewé mẹ́rìnlá, tí wọ́n fi èdè Faransé kọ. Ó ní ọgbọ́n Zen ni ó wà níbẹ̀, ìyẹn ìjókòó-jẹ́ẹ́ tí àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ilẹ̀ Japan fi ń wo inú ara wọn. Pé àwọn olùkọ́ òun ti rí i pé ọgbọ́n kan náà lè fi hàn ènìyàn iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá a.

Mo bi í pé ẹ̀ka Zen wo ni, nítorí mo ti kà á níbì kan pé ẹ̀ka rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan.

Ó mí kanlẹ̀. “Táńtì, ẹ̀ka ti ọ̀sán Àìkú ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orí dáhùn lẹ́tà yẹn.”

“Kí ni kí n fi dáhùn? Orúnkún?”

“Ẹ ó jókòó, ẹ ó dákẹ́. Ìdáhùn á wá bá yín fúnra rẹ̀.”

“Ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún un?” Ìyá rẹ̀ ni ó béèrè bẹ́ẹ̀ láti ilé ìdáná.

Nígbà tí ọmọbìnrin náà fi máa jẹun tán, mo ti ka ìwé rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, mo sì dá a padà fún un pẹ̀lú àtúnṣe mẹ́tàdínlógún tí mo fi bírò pupa kọ. Ó wo ojú ewé kìíní, ó wo èkejì. “Táńtì,” ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, “ìwé yìí kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́ yín. Ẹ̀yin ni akẹ́kọ̀ọ́.” Mo tọrọ àforíjì, mo sì gba ìwé náà padà. Ojú tì mí, nítorí ohun tí ó wà ní ojú ewé kẹta gan-an ni pé kí ènìyàn kọ́kọ́ di ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro lóye. Ní àràárọ̀, kí n tẹ́ ẹní, kí n jókòó, kí n kọjú sí ògiri, kí n máa ka èémí mi láti ení dé ẹ̀wá, kí n sì tún bẹ̀rẹ̀. Bí èrò bá dé, kí n má bá a jà, kí n má sì bá a lọ. Kí n wò ó bí ẹni tí ó jókòó sẹ́bàá títì tí ó ń wo àwọn sẹ́mìjáǹ, àwọn ọ̀kadà tí ó ń gbé èrò ní ìlú wa, tí wọ́n ń kọjá, tí kò sì na ọwọ́ sí ọ̀kankan. Àpèjúwe tirẹ̀ ni èyí. Odò ni ó wà nínú ìwé. Lẹ́yìn náà, kí n máa yan iṣẹ́ kékeré kan lójúmọ́, kí n ṣe é tọkàntọkàn láìbá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, kí n pa fóònù. Iṣẹ́ tí ó bá jẹ́ kí n gbàgbé àkókò, níbẹ̀ ni kí n ti wá ìdáhùn mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo jókòó. Mo ti ka èémí dé méje nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn mi. Ó dúró.

“Ta ló fìyà jẹ ọ́?”

“Kò sẹ́ni tó fìyà jẹ mí, Dàda. Mo ń wá iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ dá mi.”

“Nínú ògiri?”

“Bẹ́ẹ̀ ni ìwé wí.”

“Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń ní kí ọmọ ọlọ́mọ lọ kọjú sí ògiri,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “N kò rí ọ̀kan ṣoṣo tó ti ibẹ̀ ríran rí. Ẹ̀gbẹ́ ògiri ni wọ́n máa ń họ, wọ́n á sì jẹ ẹfun rẹ̀.” Ó lọ. Ó tún padà wá. “Dìde nígbà tí mo bá ní kí o dìde,” ni ó wí, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi dé ẹ̀yìnkùlé.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, abọ́ ni mo fọ̀. Ìwé náà fẹ́ràn abọ́ fífọ̀ púpọ̀. Mo fọ abọ́ mẹ́sàn-án tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n mo ti fa ìlà sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ kan, ṣáájú, mo pín in sí ọ̀nà mẹ́ta: orúkọ iṣẹ́, bí inú mi ti rí, àkíyèsí. Nígbà tí n ó fi kọ àkíyèsí lórí abọ́ kẹrin tán, omi ti tutù. Mo sọ fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù nírọ̀lẹ́ pé ìwádìí mi ń tẹ̀síwájú.

“Táńtì, kì í ṣe ìwádìí. Abọ́ ni.”

“Báwo ni n ó ṣe mọ ohun tí mo mọ̀ láìkọ ọ́ sílẹ̀?”

Ó wá ní, “Ẹ gbìyànjú lọ́la.”

Ṣùgbọ́n lọ́la, tí ó jẹ́ Ọjọ́rú, ni birikìlà kan tí ń gbé ní àdúgbò wa kan ilẹ̀kùn nírọ̀lẹ́. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́ta ni. Ìyá rẹ̀ ni ó ń yan ẹja ní òpópónà wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Láti Sèmè-Kpodji ni ẹja náà ti ń wá, bí atẹ́gùn bá sì fẹ́, gbogbo wa ni a máa ń mọ ohun tí ó wà lórí iná. Ìyá náà ti kú ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Àárọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ sin ín.

N kò nílò kí ó sọ ohun tí ó wá ṣe. Ní Àjàṣẹ́, a kì í sin àgbàlagbà láìka ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sí etí ìjọ, ìtàn náà kò sì gbọdọ̀ ṣe játijàti. Nítorí náà ẹbí a máa wá ẹni tí ó mọ ìwé. Láti ogún ọdún ni ó ti di pé èmi ni wọ́n ń wá. N kì í gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn, mo sì máa ń kùn ní gbogbo ìgbà. Mo kùn ní ọjọ́ náà pẹ̀lú. Mo ní mo ní ìpàdé pàtàkì ní Kútọnù lọ́la, mo sì wà lórí ètò Zen.

“Kò ní pẹ́, Madáàmù,” ni ọkùnrin náà wí. Ó na ojú ewé kàyé kan sí mi. “Gbogbo òtítọ́ ti wà níbẹ̀. Ẹ kàn bá wa fi èdè dídùn sí i.”

Mo kà á. Ó ní ìyá òun bí ọmọ márùn-ún, ó yan ẹja, ó bẹ̀rù Ọlọ́run, kò mọ ìwé, ó sì kú ní ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rùn-ún.

“Méjìlélọ́gọ́rùn-ún?”

“Ó ti wà lára ìwé ìkéde, Madáàmù. A ti lẹ̀ ẹ́ káàkiri ìlú. Ẹni tó bá ti kọjá ọgọ́rùn-ún, a kì í sunkún rẹ̀. Ijó là ń jó.”

Mo gba ojú ewé náà lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní kí ó padà wá ní ọjọ́ Ẹtì.

Ní kùtùkùtù Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí mo gbọdọ̀ fèsì, mo tẹ́ ẹní, mo sì kọjú sí ògiri. Mo ka ení, mo ka èjì, mo ka ẹ̀ta. Ní orí ẹ̀rin ni nọ́ńbà náà dé: méjìlélọ́gọ́rùn-ún. Mo jẹ́ kí ó máa kọjá lọ. Kò kọjá. Mo rántí pé àbígbẹ̀yìn ìyá náà, tí ó ń ta káàdì fóònù níwájú ilé wa, sọ fún mi láìpẹ́ pé òun pé ọdún mọ́kànlélógójì. Bí a bá yọ mọ́kànlélógójì kúrò nínú méjìlélọ́gọ́rùn-ún, ohun tí ó kù ni mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ìyẹn ni pé ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé kan ni obìnrin náà nígbà tí ó bímọ kẹ́yìn. Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, kì í ṣe ìsìnkú ni ó yẹ kí a ṣe fún un, àpérò àwọn oníṣègùn ni. Mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ení. Gbogbo èrò yòókù ń kọjá wọ́ọ́rọ́ bí ìwé ti wí: Kútọnù kọjá, ọkọ̀ kọjá, orúkọ ẹnu ilẹ̀kùn kọjá. Ṣùgbọ́n sẹ́mìjáǹ kan yìí dúró gẹ́ẹ́ níwájú mi, kò pa ẹ́ńjìnnì, ó sì ń wò mí pé ṣé n ó gùn ún.

Mo dìde, mo wọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n mi bá mi lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé o ti rí i nínú ògiri?”

“Avrankou ni mo ń lọ. Àbúrò ìyá ẹlẹ́ja wà níbẹ̀. Wákàtí kan péré ni.”

“Kútọnù ńkọ́?”

“Agogo mẹ́ta ni Kútọnù, Dàda. N ó ti dé tipẹ́.”

Mo ti gba ìsinmi ọjọ́ kan ní bíró nítorí ìpàdé náà. Mo pa fóònù gẹ́gẹ́ bí ojú ewé kẹfà ti pàṣẹ, mo gun sẹ́mìjáǹ, mo sì dé Avrankou kí oòrùn tó gbóná. Mo bá ìyá àgbà náà lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń pa ẹ̀pà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo sọ ẹni tí mo jẹ́ àti ohun tí mo bá wá. Ó ti àga kékeré kan sí mi, ó da ẹ̀pà sí mi lẹ́sẹ̀, nítorí pé wọn kì í jókòó lásán lọ́dọ̀ rẹ̀.

“Ìyá, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ̀gbọ́n yín?”

“Kí ni wọ́n ní?”

“Wọ́n ní méjìlélọ́gọ́rùn-ún.”

Ó dáwọ́ dúró. “Ó fi ọdún mẹ́ta ju èmi lọ. Wò mí dáadáa. Ṣé mo jọ ẹni ọgọ́rùn-ún ọdún lójú rẹ?”

“Rárá, Ìyá.”

“Ọlọ́run ló yọ ọ́,” ni ó wí, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí pa ẹ̀pà. “Mọ́kànlélọ́gọ́rin ni mo jẹ́. Ọmọ yẹn fẹ́ sọ mí di òkú kó lè jó.”

Mo fi ọkàn ṣe ìṣirò náà: mẹ́rinlélọ́gọ́rin. Ó bí àbígbẹ̀yìn ní mẹ́tàlélógójì. Gbogbo rẹ̀ bá ara mu. Mo ti rí ohun tí mo wá, mo lè dìde. Dípò bẹ́ẹ̀, mo bi í bóyá láti ilé ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kọ́ ẹja yíyan.

Ẹ̀rín pa á. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun kò mọ iná dá nígbà tí ó délé ọkọ. Pé agbọ̀n ẹja àkọ́kọ́ tí ó rà, ó sun ún di èédú, ọkọ rẹ̀ tí ó jẹ́ káfíńtà sì jẹ ẹ́ tán láìfọhùn, ó wá ní igi wo ni èyí. Ó ní ìyàwó apẹja kan ní Sèmè-Kpodji ni ó kọ́ ọ bí a ti ń fi èèpo àgbọn sé iná kí èéfín lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní àbígbẹ̀yìn ṣì ń rá nígbà tí káfíńtà náà kú. Àkọ́bí ti wọ iṣẹ́ birikìlà ṣáájú ìgbà náà, ọjọ́ tí wọ́n sì mú ìwé ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ wá, ọ̀gá rẹ̀ ní kí ìyá tẹ̀ka. Ìyá kò tẹ̀ka. Ó ní òun yóò kọ orúkọ òun, kí wọ́n padà wá lẹ́yìn oṣù kan. Oṣù kan gbáko ni ó fi ń fi èédú kọ orúkọ ara rẹ̀ sára àpò sìmẹ́ǹtì, lẹ́yìn tí ẹja bá tán lórí iná.

“Ó sì kọ ọ́?”

“Ó kọ ọ́. Ó wọ́ bí ẹsẹ̀ adìyẹ nínú eruku, ṣùgbọ́n òun ló kọ ọ́.”

Ojú ewé tí ó wà nínú àpò mi sọ pé kò mọ ìwé. Mo bi í ní ìbéèrè mìíràn, ìyẹn bí òmíràn. Nígbà tí mo gbójú sókè, òjìji máńgòrò ti kúrò lórí mi, ó ti lọ sí apá kejì, agbọ̀n ẹ̀pà ti kún. Mo tan fóònù. Agogo márùn-ún ti lọ díẹ̀. Kútọnù pè mí lẹ́ẹ̀mẹta, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi pè mí lẹ́ẹ̀mọ́kànlá.

Láàárín ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, n kò pẹ́ dé ìpàdé rí, kí á tó wá sọ pé n kò lọ. Mo pe ọmọbìnrin náà padà. Mo sọ fún un ibi tí mo wà.

“Táńtì!” Mo rò pé yóò bá mi wí, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń dún bí ti ẹni tí ọmọ rẹ̀ yege. “Ẹ gbàgbé àkókò!”

“N kò gbàgbé àkókò. Kútọnù ni mo gbàgbé.”

“Ìyẹn tún dára ju èyí tó wà nínú ìwé lọ.”

“Ìwé rẹ ló ní kí n pa fóònù,” mo sọ fún un. Kò sí àbámọ̀ kankan nínú ẹ̀rín tí ó fi dá mi lóhùn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo wọ Kútọnù láti lọ tọrọ àforíjì. Lálẹ́ mo ti kọ lẹ́tà ojú ewé mẹ́rin, pẹ̀lú àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé mẹ́fà, lórí ìdí tí n kò fi wá. Ẹ̀gbọ́n mi kà á, ó fi í sábẹ́ àwo búrẹ́dì, ó ní kí n lo ẹnu. Ọ̀gá àgbà jẹ́ ọkùnrin jẹ́jẹ́. Ó ní kí n jókòó.

“A retí yín lánàá, Madáàmù.”

“Avrankou ni mo wà, ọ̀gá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.”

“Kí ló wà ní Avrankou?”

Mo sọ fún un. Mo sọ nípa ìyọkúrò ọdún náà, nípa ẹ̀pà, nípa àpò sìmẹ́ǹtì. Ó tẹ́tí gbọ́ títí dé òpin, ó sì béèrè bóyá ọkọ tó jẹ ẹja jíjóná yẹn ni ó kú nígbà tí ọmọ ń rá. Mo ní òun ni. Ó mi orí. Lẹ́yìn náà ó fa ìwé kan jáde, ó tì í sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú bírò lórí rẹ̀.

“Ọ̀rọ̀ àná ti tán. Ipò náà ṣì wà fún yín. Ẹ fọwọ́ sí i, kí á lọ jẹun.”

N kò retí èyí. Ní ojú ọ̀nà, mo ti tu ara mi nínú pé wọ́n á ti fún ẹlòmíràn, pé àṣìṣe mi ti bá mi dáhùn. Nísinsìnyí bírò wà níwájú mi, àṣìṣe kò sì ní àṣẹ mọ́. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wo àwọn ọkọ̀ ìjọba lábẹ́ òrùlé páànù wọn. Mo ro ìrọ̀lẹ́ mi, èyí tí mo ti ń fi kọ ìtàn àwọn òkú, tí mo sì ń kùn, fún ogún ọdún. Mo wá rí i pé n kò kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Avrankou.

“Ẹ ṣeun púpọ̀, ọ̀gá,” mo ní. “N kò gbà á.”

“Ẹ fi ọkọ̀ àti awakọ̀ sílẹ̀ nítorí òkú?”

“Nítorí ìrọ̀lẹ́ ni. Àwọn òkú kì í wá ní àárọ̀.”

“Ẹ ó kábàámọ̀ rẹ̀, Madáàmù.”

“Ó ṣeé ṣe. Mo ti ń kábàámọ̀ ọkọ̀ náà láti ìgbà tí mo ti jókòó.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó gba bírò rẹ̀ padà, ó sì bá mi dé ẹnu ọ̀nà. N kò lè sọ pé mo fò fún ayọ̀. Títí tí ọkọ̀ fi kọjá Sèmè-Kpodji ni mo ń rò ó pé ẹlẹgbẹ́ mi kan, tí mo ti ń tún ìwé rẹ̀ ṣe láti ìgbà tí ó ti wọ iṣẹ́, ni yóò gba ipò náà, tí yóò sì máa tún tèmi ṣe báyìí. Nígbà tí mo délé, ẹ̀gbọ́n mi wo ojú mi. Ó gbé oúnjẹ fún mi. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, “N ó sọ fún wọn ní ìjọ pé ọpẹ́ yẹn ti di ti ẹlòmíràn.”

Birikìlà náà dé ní ìrọ̀lẹ́. Mo sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò ju mẹ́rinlélọ́gọ́rin lọ. Ó wolẹ̀.

“Akọ̀wé ìjọba ló fà á, Madáàmù. Màmá ò ní ìwé ìbí. Nígbà tí a fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ikú, ó bi mí pé ní nǹkan bí ọdún wo ni wọ́n bí wọn. Mo ní wọ́n ti dàgbà gan-an. Ó ní ṣé wọ́n á tó ọgọ́rùn-ún. Mo ní...” Ó gbójú sókè. “Mo ní wọ́n á tó. Ìwé ìkéde ti wà lára ògiri gbogbo ìlú, Madáàmù.”

“Ògiri lè sọ ohun tó bá wù ú. Èmi ni n ó ka ìtàn náà ní ìjọ.”

“Ẹ ó jẹ́ kí á jó ṣá?”

“Ẹ jó. Mẹ́rinlélọ́gọ́rin náà tó jó.”

Mo wá ka ibi tí mo kọ nípa ìwé ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ fún un. Ó jáde láìdágbére, mo sì rò pé mo ti ṣẹ̀ ẹ́. Kò pẹ́ tí ó padà wá pẹ̀lú àpò ike kan. Ìwé tí kòkòrò ti jẹ létí ni ó yọ jáde. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbuwọ́lù ọ̀gá rẹ̀, ni orúkọ obìnrin kan wà ní lẹ́tà ńláńlá tí ó wọ́, tí ìkẹyìn rẹ̀ kò rí àyè mọ́ tí ó fi gun òkè lọ. “Mo rò pé ọ̀gá mi ló bá wọn kọ ọ́,” ni ó wí. “Ó ti tó ogójì ọdún ó lé.” A jọ wò ó. Mo mú ojú ewé kàyé tí ó fún mi, mo sì fi bírò pupa fa ìlà gba orí “kò mọ ìwé” kọjá.

Ní àárọ̀ Sátidé, ìjọ kún dé ẹnu ọ̀nà. Mo dúró níwájú, mo kàwé. Nígbà tí mo dé orí ọdún rẹ̀, ariwo díẹ̀ sọ, nítorí pé gbogbo ènìyàn ti ka ìwé ìkéde lára ògiri. Birikìlà náà gbórí sókè, kò mira. Mo ka ti ẹja jíjóná, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo ka ti èèpo àgbọn. Mo wá dé ibi àpò sìmẹ́ǹtì, mo sì kà á pé olóògbé jókòó lẹ́bàá iná, ó kọ́ ara rẹ̀ ní orúkọ kíkọ láìsí olùkọ́ kankan.

“Irọ́ ni!”

Ìjọ yíjú padà. Ìyá àgbà ti Avrankou ti dìde ní ìlà kejì, ó di ọ̀pá rẹ̀ mú.

“Ta ló ní kò sí olùkọ́? Èmi ni mo kọ́ ọ! Gbogbo Ọjọ́rú ni mo ń ti Avrankou wá!”

“Ìyá,” mo ní, mo gbàgbé pé iwájú ìjọ ni mo wà, “ẹ kò sọ ọ́ fún mi.”

“O kò bi mí. O ní ṣé ó kọ ọ́, o ò béèrè ẹni tó kọ́ ọ.”

Òtítọ́ ni. Mo wo inú ìwé mi, mo rí i pé gbólóhùn tí mo fi ọwọ́ ara mi ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ jù lọ ni ó jẹ́ àṣìṣe. Pásítọ̀ na ọrùn wo aago ara ògiri. Mo yọ bírò nínú àpò, mo tẹ́ ìwé náà sórí pẹpẹ ìwàásù.

“Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá,” mo ní, “ta ló kọ́ ẹ̀yin náà?”

Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ti ọmọkùnrin kan kúrò lórí ìjókòó iwájú, ó jókòó dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀.